Bí Ẹ Ṣe Lè Di Ará Oko: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Fẹ́ Dáko, Tó Sì Fẹ́ Sin Ẹran ní Ìbàràpá

Ní oṣù Èrèlé ọdún kẹta tí mo ti ń dáko ní Ìbàràpá, iná ẹ̀ẹ̀rùn jó dé ẹ̀yìn oko mi lọ́sàn-án gangan. Èmi wà ní Igbó-Ọrà, mo lọ ra àpò tí a ó fi di gàrí. Kí ọ̀kadà tó gbé mi padà, èèyàn mẹ́tàdínlógún ti wà nídìí iná náà, wọ́n ń fi imọ̀ ọ̀pẹ tútù lù ú mọ́lẹ̀. Obìnrin tó ń ta ẹ̀kọ ní ìkóríta ló kọ́kọ́ rí èéfín, òun ló figbe ta. Nínú nǹkan bí 4,000 ìdí ẹ̀gẹ́ tó wà nílẹ̀, èyí tó jóná kò tó 200. Nígbà tí mo ń dúpẹ́, tí mo ń wá ohun tí màá fún wọn, ọ̀kan nínú wọn tí iná ti jó irun apá rẹ̀ ní, "Ṣebí ẹ̀yin náà wá kọ ebè tèmi." Ó gbé àdá rẹ̀ kọ́ èjìká, ó bá tirẹ̀ lọ.

Mo ti rí ẹni tó kó owó wá láti Èkó, mo ti rí ẹni tó fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n gba ogún éékà, wọ́n háyà katakata, wọ́n fi wáyà yí i ká. Láàárín ọdún méjì, igbó tí wọ́n ń pè ní Akíntọ́lá-ta-kú ti bo gbogbo rẹ̀. Kì í ṣe pé owó tán. Wọn kò mọ ẹnì kankan níbẹ̀, ẹnì kankan kò sì mọ̀ wọ́n. Lọ́jọ́ tí màlúù wọlé, lọ́jọ́ tí olè wá wa ẹ̀gẹ́ lóru, kò sí ẹni tó pariwo. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín ni bí ẹ ó ṣe di ẹni tí ará oko á pariwo fún.

Ẹni tó fẹ́ fi éékà kan tàbí méjì àti ewúrẹ́ díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ìbàràpá ni mo mọ̀: Èrúwà, Lánlátẹ̀, Igbó-Ọrà, Ìdèrè, Àyétẹ̀, Tápà, Igangan, àti àwọn abúlé tó yí wọn ká. Ẹni tó wà ní Òkè-Ògùn tàbí Yewa á rí nǹkan mú nínú rẹ̀.

1. Ẹ máa sùn níbẹ̀ kí ẹ tó gbin nǹkan

Ojú olójú kò lè jọ ojú ẹni. Lọ́dún àkọ́kọ́, Ìbàdàn ni mo jókòó sí, mò ń fi owó ránṣẹ́ sí ẹni tó ń bá mi mójú tó oko. Ó ń fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ̀gẹ́ tó dúdú minimini, inú mi ń dùn. Ní oṣù kẹrin mo lọ wò ó fúnra mi. Ẹ̀gẹ́ inú fọ́tò wà níbẹ̀ lóòótọ́, ìlà méjì lẹ́bàá ọ̀nà. Lẹ́yìn ìlà méjì yẹn, koríko èkan ti ga dé itan. Mi ò bá a jà. Owó tí mò ń fún un kò tó fi bọ́ ọmọ, oko tirẹ̀ náà sì wà tó gbọ́dọ̀ ro.

Nítorí náà, ẹ gba yàrá kan ní abúlé gan-an, kì í ṣe ní ìlú tó wà nítòsí. Ẹ máa sùn níbẹ̀ ó kéré tán òru mẹ́ta lọ́sẹ̀, láti àkọ́rọ̀ òjò títí ẹ ó fi ro ẹ̀gẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni koríko ń ba ẹ̀gẹ́ jẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ewé á ti pàdé lókè, òjìji rẹ̀ á máa pa koríko fúnra rẹ̀. Bí iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe kò bá lè yọ̀ǹda òru mẹ́ta fún yín, ẹ má tíì gba ilẹ̀.

Ẹ máa kí gbogbo ẹni tí ẹ bá kọjá lọ́nà oko. "Ẹ kú iṣẹ́" dára, ṣùgbọ́n ẹ tún kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí àgbẹ̀: "Àroko bọ́dún dé o!" Kí ẹ sì dúró gbọ́ èsì. Lórí irú ìdúró bẹ́ẹ̀ ni bàbá kan ti sọ fún mi pé omi máa ń dúró sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀ tí mo fẹ́ gbà, pé ẹ̀gẹ́ á jẹrà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, ilẹ̀ náà gbẹ táútáú, èmi ì bá má mọ̀.

2. Ilẹ̀: ẹ má bá ẹnì kan ṣoṣo dúnàádúrà

Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ sábẹ́ gómìnà lórí ìwé. Lóko, olórí ẹbí àti àwọn ọmọ ẹbí ni ẹ ó bá sọ̀rọ̀, Baálẹ̀ ni yóò sì ṣe ẹlẹ́rìí. Ọmọ ẹbí kan lè gba owó lọ́wọ́ yín láàárọ̀, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá lé yín nírọ̀lẹ́. Ẹ mú ẹni tó mọ̀ yín ní abúlé dání, ẹ mú obì àti ọtí, kí ẹ sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n pe gbogbo ojúlé tó ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ náà jọ.

Ẹ jẹ́ kí ó wọ inú ìwé: bí ilẹ̀ ṣe tó, iye ọdún, ohun tí ẹ ó máa san ní ìṣákọ́lẹ̀ àti ìgbà tí ẹ ó máa san án. Kí ẹ sì béèrè nípa igi. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ àlejò ti ń kọsẹ̀. Ẹni tó yá ilẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gbin kòkó, ọ̀pẹ, kajú tàbí ọsàn láìgba àṣẹ, nítorí igi tó máa pẹ́ nílẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ onílẹ̀. Ẹ̀yin lè rò pé kajú mẹ́wàá kò jẹ́ nǹkan kan. Lójú wọn, ẹ ti ń pe ilẹ̀ náà ní tiyín nìyẹn. Ọ̀pẹ tí ẹ bá bá nílẹ̀ ńkọ́? Onílẹ̀ ló ni ẹyìn rẹ̀ àti ẹmu rẹ̀, àfi bí ó bá yọ̀ǹda.

Oko kì í jẹ́ ti baba tọmọ kó má ní ààlà. Kí ẹ tó fi àdá kan igbó, ẹ pe àwọn tí oko wọn bá tiyín pààlà, ẹ jọ rìn yí i ká, kí ẹ sì gbin pèrègún sí igun kọ̀ọ̀kan lójú gbogbo wọn. Kì í gbà ju wákàtí méjì lọ, ọjọ́ náà sì ni ẹ ó mọ orúkọ aládùúgbò yín.

3. Ẹ wọ àáró

Apá yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù. Ẹ lè fi owó pe lébìrà, èmi náà ń pè wọ́n nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n lébìrà á gba owó rẹ̀, á lọ. Ẹni tí ẹ jọ wà nínú àáró á mọ ebè yín bí ó ṣe mọ tirẹ̀.

Bí àáró ṣe ń lọ rèé. Èèyàn mẹ́rin sí mẹ́fà tí agbára wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba á kó ara wọn jọ. Lónìí, gbogbo wọn á ṣiṣẹ́ ní oko ẹnì kan. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá, wọ́n á lọ sí ti ẹlòmíì, títí yóò fi kárí. Irú iṣẹ́ kan náà ni a fi ń san irú iṣẹ́. Bí wọ́n bá kọ ebè fún yín, ebè ni ẹ ó kọ padà, kì í ṣe koríko ríro; ebè tó nira ní ilẹ̀ líle kò sì ṣeé fi wé ebè ilẹ̀ iyanrìn, nítorí náà ẹ jọ sọ ọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà máa ń ka iṣẹ́ ní igba igba ebè. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lè máà kọ ju 60 lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ sọ òtítọ́ fún wọn ṣáájú. Ẹgbẹ́ tí mo wọ̀ gbà kí n máa fi ọjọ́ méjì san ọjọ́ kan ní ọdún àkọ́kọ́ mi, mo sì san án pé.

Àlejò kì í gba ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ ní kí tiyín gbẹ̀yìn, kódà bí wọ́n bá fi ti iwájú lọ̀ yín. Ẹni tó bá gba iṣẹ́ ṣáájú, tó wá sá padà sí ìgboro kí ó tó san án, orúkọ rẹ̀ á wà lẹ́nu ọ̀nà abúlé yẹn fún ọdún mẹ́wàá.

Ẹ dé kí oòrùn tó yọ. Ẹ mú ọkọ́ tiyín, kí ó mú. Bí ara yín kò bá yá, ẹ fi ẹlòmíì rọ́pò kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ má fi owó ránṣẹ́. Owó kì í kọ ebè. Lọ́jọ́ tiyín, oúnjẹ àti omi wà lọ́wọ́ yín, kí ẹ má sì jẹ́ kí ebi pa àwọn èèyàn ju agogo mẹ́wàá lọ.

Lọ́jọ́ kejì tí mo bá wọn ṣe é, bàbá kan tó dàgbà jù nínú wa wá dúró lórí iṣẹ́ mi. Ó fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ tẹ ebè kan, ebè náà ya sí méjì. Ó ní, "Òjò kan ni èyí ń dúró dè." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gba ọkọ́ lọ́wọ́ mi, ó fa ilẹ̀ òkè láti ọ̀tún, ó fa ti òsì pàdé rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọkọ́ gbá a lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fọwọ́ yọ gbòǹgbò èkan tó kù nínú rẹ̀ jù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó fa ọkọ́ náà lé mi lọ́wọ́. Èyí tí mo kọ tẹ̀lé e kò rí bíi tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò ya mọ́. Kò sí fídíò kankan tí mo wò tó fi gbòǹgbò èkan yẹn hàn mí, bẹ́ẹ̀ gbòǹgbò èkan ló ń lu iṣu àti ẹ̀gẹ́ já nínú ilẹ̀.

Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀ sí àáró. Ọ̀wẹ̀ ni ẹ ń bẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá ju agbára ẹgbẹ́ kékeré lọ: igbó ńlá tí ẹ fẹ́ ṣán, ilé tí ẹ fẹ́ kàn lórùlé. Ogún èèyàn lè wá. A kì í ka ọjọ́ nínú ọ̀wẹ̀, àmọ́ oúnjẹ gbọ́dọ̀ yó èèyàn, ẹran gbọ́dọ̀ wà nínú ọbẹ̀. Ẹ má bẹ ọ̀wẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ti àwọn ẹlòmíì.

4. Gbígbìn

Èyí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ gbin ẹ̀gẹ́ ní mítà kan sí mítà kan. 10,000 ìdí ló ń wọ hẹ́kítà kan, nǹkan bí 4,000 ní éékà. Ìdì ìdì ni wọ́n ń ta igi ẹ̀gẹ́, àádọ́ta igi ló wà nínú ìdì kan. Irú ìdì bẹ́ẹ̀ 50 tó fún hẹ́kítà bí ẹ bá gé igi kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin, nítorí náà ìdì 20 tó fún éékà yín. Igi tó ti lo oṣù mẹ́jọ sí méjìlá ni kí ẹ gbà, kí ẹ sì wo ewé rẹ̀ lóko kí wọ́n tó gé e: bí ewé bá ká jọ, tó ní àbàwọ́n bí ìyeyè, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ̀yà ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń pè ní TME 419 ń dúró ṣánṣán, kì í ya ẹ̀ka púpọ̀, ó sì dára bí ẹ bá fẹ́ gbin àgbàdo sáàárín rẹ̀. Ẹ ro ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ àti ọ̀sẹ̀ méjìlá.

Nígbà tí ẹ bá wa tiyín lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ má ta gbogbo igi rẹ̀. Ẹ fún aládùúgbò yín ní ìdì méjì mẹ́ta. Lọ́wọ́ rẹ̀ ni ẹ ó ti gbà á padà lọ́dún tí ẹ̀ẹ̀rùn bá pa tiyín.

5. Ewúrẹ́, àti ohun tí mo ṣe tí mi ò fẹ́ kí ẹ ṣe

Ewúrẹ́ márùn-ún àti òbúkọ kan tó láti bẹ̀rẹ̀. Ewúrẹ́ kékeré ilẹ̀ wa ni kí ẹ rà. Oyún oṣù márùn-ún ló ń ní, ó sì máa ń bí ìbejì.

Ọdún kejì mi, mo ra ewúrẹ́ mẹ́rin lọ́jà, mo sì kó wọn mọ́ àwọn ti ilé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ọ̀kan ń sín, imú rẹ̀ ń ṣomi. Mo rò pé ọyẹ́ ni. Lọ́jọ́ kẹfà, ìpin ti bo ojú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti bó, ìgbẹ́ rẹ̀ ti di omi. Kátà ewúrẹ́ ni, àrùn tó ń ràn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, gbogbo ewúrẹ́ abúlé ló ń jẹ̀ pọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mọ́kànlá kú. Mẹ́ta péré ló jẹ́ tèmi. Mo lọ láti ilé dé ilé. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyá àgbà kan tí ewúrẹ́ kan ṣoṣo tó ní kú tòun ti oyún inú rẹ̀. Màmá kò bú mi. Wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n bu omi fún mi mu. N kò lè gbé omi náà mì.

Nítorí náà, ewúrẹ́ tuntun gbọ́dọ̀ dá wà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, níbi tó jìnnà sí ti ilé. Omi ọ̀tọ̀, abọ́ ọ̀tọ̀. Ẹ̀yin fúnra yín, ẹ kọ́kọ́ bọ́ àwọn ti ilé kí ẹ tó lọ sọ́dọ̀ àwọn tuntun, kí ẹ fọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ bí ẹ bá ń bọ̀.

Kátà kò gbọ́ oògùn. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, kápúsù pupa-òun-yẹ́lò tí a máa ń tú sí wọn lẹ́nu kò ní ohun tó fẹ́ ṣe sí i. Abẹ́rẹ́ àjẹsára nìkan ló ń dènà rẹ̀. Ilé ìwádìí àrùn ẹran tó wà ní Vom, nítòsí Jos, ń ṣe é, ẹran tó bá gbà á dáadáa lè lo ọdún mẹ́ta láìsí pé kátà mú un. Ẹ máa fún àwọn ọmọ ẹran láti bí oṣù mẹ́rin.

Ibi tí abúlé ti wọ ọ̀rọ̀ náà rèé: ìgò abẹ́rẹ́ yìí kì í ṣe ti ẹran méjì mẹ́ta. 50 tàbí 100 ẹran ló wà fún. Inú yìnyín ló gbọ́dọ̀ wà láti ìlú títí dé ọ̀dọ̀ yín, bí wọ́n bá sì ti fi omi rẹ̀ pò ó, láàárín wákàtí díẹ̀ ló gbọ́dọ̀ tán. Ẹni tó ní ewúrẹ́ mẹ́fà kò lè dá a rà. Yálà kí abúlé jọ ṣe é, tàbí kí ẹnikẹ́ni má ṣe é. Bí àwa ṣe ń ṣe é nìyí:

- Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, ẹnì kan á lọ láti ilé dé ilé, á kọ iye ewúrẹ́ àti àgùntàn sínú ìwé. Obìnrin ni kí ẹ rán, nítorí àwọn obìnrin ló ni púpọ̀ nínú ẹran ilé, wọn kì í sì í sọ iye rẹ̀ gan-an fún ọkùnrin àlejò.
- Ẹ mú iye náà lọ bá dókítà ẹran ní ìjọba ìbílẹ̀. Òun ni yóò bá yín wá abẹ́rẹ́ náà, òun tàbí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni yóò sì gún un.
- Ẹ má dá a sí ọjọ́ ọjà. Ẹ ní kí ẹnikẹ́ni má tú ẹran sílẹ̀ láàárọ̀ náà. Agogo mẹ́fà ààbọ̀ ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀, kí oòrùn tó mú.
- Ẹ da owó pọ̀ ní iye ẹran tí kálukú ní. Ẹni tí kò bá ní lọ́wọ́, ẹ san tirẹ̀, kí ẹ má sì pariwo rẹ̀. Ewúrẹ́ kan tí kò gbà á lè kó o ran ọmọ ẹran tí kò tíì tó ọjọ́ abẹ́rẹ́.

Àrùn kan wà tó ń pa màlúù bí ẹni ń gbá ewé tẹ́lẹ̀. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi bá a jà títí wọ́n fi kéde lọ́dún 2011 pé kò sí i mọ́ láyé. Kátà ni wọ́n fẹ́ pa tẹ̀lé e, ọdún 2030 ni wọ́n sì dá fún un. Ìwé tí abúlé yín fi ka ewúrẹ́ wà lára iṣẹ́ yẹn.

Oúnjẹ ẹran kò wọ́n bí ẹ bá ń bá àwọn obìnrin ìdí ẹ̀rọ gàrí ṣe dáadáa. Èèpo ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń dà nù ni. Ẹ bá wọn gbá ìdí ẹ̀rọ nírọ̀lẹ́, ẹ ó máa rí i kó. Ṣùgbọ́n tútù rẹ̀ ní májèlé, ẹ má fún ẹran bẹ́ẹ̀. Ẹ sá a pẹ́lẹ́ńbẹ́ lórí sìmẹ́ńtì tàbí tapólì fún ọjọ́ méjì mẹ́ta títí yóò fi máa dún wàràwàrà lọ́wọ́. Èyí tó bá ti hu, ẹ dà á nù. Ewé ìyeyè àti àgúnmánìyẹ̀ á gbè é lẹ́sẹ̀.

Láti àkọ́rọ̀ òjò títí a ó fi kórè, ẹ so ẹran yín mọ́lẹ̀. Bí ó bá já, tó jẹ oko olóko, ẹ má dúró kí wọ́n wá pè yín. Ẹ lọ fúnra yín, ẹ ka ìdí tó jẹ, ẹ san án lójú ẹsẹ̀.

6. Ẹ mọ àwọn ará gàá kí màlúù tó wọ oko

Ọ̀rọ̀ àwa àgbẹ̀ àti àwọn Fúlàní darandaran tó ń gbé gàá ti ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní agbègbè wa. Ẹni tó bá rántí bí wọ́n ṣe kọlu Igangan ní oṣù Òkúdù ọdún 2021 kò ní fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un, mi ò sì ní ṣe bí ẹni pé kíkí nìkan tó láti parí rẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ṣe òfin lọ́dún 2019 tó fi òté lé dída ẹran kiri. Ẹ mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, gàá tó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà bàbá wọn wà, wàrà tí ẹ ń jẹ lọ́jà, ọ̀dọ̀ wọn ló ti ń wá, púpọ̀ nínú wọn sì ń sọ Yorùbá bíi tiwa.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ bá gba ilẹ̀, ẹ ní kí Baálẹ̀ mú yín lọ sọ́dọ̀ Séríkí, olórí wọn. Ẹ gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀, ẹ fún un ní tiyín, kí ẹ fi oko yín hàn án. Bí màlúù bá jẹko, kí ẹ kọ́kọ́ ya fọ́tò ibẹ̀, ẹ má lé màlúù, ẹ má ṣá a. Ẹ pe Séríkí àti Baálẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹsẹ̀ màlúù tó parẹ́ nílẹ̀. Kí àgbà méjì, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ wọn, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ wa, jọ ka ìdí tó bàjẹ́ lójú mọ́mọ́. Ìdí ni kí wọ́n kà, kì í ṣe kí wọ́n dúró lẹ́bàá ọ̀nà kí wọ́n bu iye kan. Ìgbà méjì ni wọ́n ti sanwó fún mi báyìí, láìdé àgọ́ ọlọ́pàá. Bí ẹ bá sì rí ojú tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí pẹ̀lú agbo ńlá, Séríkí ni kí ẹ tètè pè, òun náà kì í fẹ́ wọn.

Lẹ́yìn ìkórè àgbàdo, ẹ lè bá wọn ṣàdéhùn fún pòròpórò yín: kí wọ́n so màlúù tiwọn mọ́lẹ̀ nínú oko yín fún òru mélòó kan, kí ìgbẹ́ màlúù sì jẹ́ tiyín. Ẹ dá ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí, kí àwọn tí oko wọn bá tiyín pààlà sì mọ̀.

7. Owó àjọṣe

Ẹ wọ èésú kan tí wọ́n ń dá ní ọjọ́ ọjà, kí ó kéré. Ẹ jẹ́ kí tiyín gbẹ̀yìn níbẹ̀ pẹ̀lú. Lẹ́yìn ọdún kan, ẹ béèrè nípa ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Òfin wọn ti wà ní Nàìjíríà láti 1935, ìwé owó wọn sì yẹ kí ó ṣeé wò fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Bí wọn kò bá jẹ́ kí ẹ wò ó, ẹ má wọ̀ ọ́. Lọ́pọ̀ ẹgbẹ́, ẹ lè yá ìlọ́po méjì ohun tí ẹ ti fi pamọ́.

Mo máa ń ronú lórí nǹkan méjì tó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Lọ́dún 1959, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í dá ibùdó àgbẹ̀ sílẹ̀ ní Akùfọ̀, Ilọrà, Èrúwà àti ibòmíràn, wọ́n fún àwọn ọ̀dọ́ tó jáde ilé ìwé ní ilẹ̀ àti ilé. Púpọ̀ nínú wọn kò dúró. Kò pé ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 1968 sí 1969, àwọn àgbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fún ní nǹkan kan dìde nítorí owó orí lábẹ́ ẹgbẹ́ Agbẹ́kọ̀yà, Táfà Adéoyè wà lára àwọn aṣáájú wọn, "Ọ̀kẹ́ mẹ́fà là ó san" sì wà lẹ́nu wọn títí ìjọba fi dín owó orí kù. Àwọn wọ̀nyí ti jọ kọ ebè pọ̀ kí wọ́n tó jọ dìde.

8. Fún ẹ̀yin tó wà lókè òkun

Ẹ má wá ní Kérésì. Nínú oṣù Ọ̀pẹ, ọyẹ́ ti gbẹ gbogbo nǹkan, àríyá ni ẹ ó bá, ẹ kò ní rí iṣẹ́. Ẹ wá ní oṣù Ẹ̀bìbí fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ bá wọn ro oko lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ẹ kò bá lè wá, ẹ má dá oko tiyín. Ẹ fi owó náà ra kúlà yìnyín fún ọjọ́ abẹ́rẹ́, tàbí kí ẹ tún kànga abúlé ṣe, kí ẹ fi orúkọ ìyá tàbí bàbá yín tó ti ibẹ̀ wá ṣe é. Lọ́jọ́ tí ẹ bá padà wálé pátápátá, ẹ ó bá ọ̀nà nílẹ̀.

9. Kí ọyẹ́ tó dé

Ẹ ṣán àyíká oko yín, kí ó fẹ̀ tó mítà mẹ́ta, kí ẹ gbá koríko rẹ̀ kúrò títí ilẹ̀ pupa yóò fi hàn. Koríko tí ẹ ṣán tí ẹ kò gbá, iná ló ń bọ́. Ẹni tó bá fẹ́ sun igbó gbọ́dọ̀ sọ fún gbogbo ẹni tó bá a pààlà lọ́jọ́ kan ṣáájú, ìrọ̀lẹ́ ni kó sì sun ún, nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ti rọlẹ̀.

Lọ́dọ̀ wa, ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Bélú ni a ń ṣe é, gbogbo wa lápapọ̀, láti oko kan sí èkejì. Oko màmá tí ewúrẹ́ rẹ̀ kú lọ́jọ́sí la fi ń bẹ̀rẹ̀, torí wọn kò ní ọkùnrin nílé. Tèmi ló ń gbẹ̀yìn. Ọjọ́ mẹ́rin ni. Ẹ mú àdá, ọkọ́, igbálẹ̀ ọwọ̀ àti omi mímu, kí ẹ sì ti wà ní ìkóríta ẹlẹ́kọ kí agogo mẹ́fà tó lù.